Orí Bíbẹ́ Kọ́ Loògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bẹ́ Igi Lórí ní Bantẹ̀ àti Savalou

Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí mo ti mọ okùn í so mọ́ ìbàdí gun igi. Mo gbọ́ ọ ní Gouka, mo gbọ́ ọ ní Pira, mo gbọ́ ọ ní Logozohẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ àti lẹ́nu ẹni tí kò mọ ìwé. Mo máa ń mi orí ni, màá gbé ayùn mi, màá bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá, níbi òkú àgbà kan ní Bantẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò ńlá kan la jókòó sí. A tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn, oòrùn ò sì kan ẹnì kan nínú wa. Ìjì àkọ́kọ́ ọdún ti jà lóru ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti ṣí páànù ilé kejì. Bàbá kan tó fẹ̀yìn ti ìdí igi náà, tó ń mu ọtí sódábì lábẹ́ òjìji rẹ̀, gbójú sókè, ó ní: "Ọmọ mi, igi yìí ti ga jù. Ẹ bẹ́ ẹ lórí kó tó pa wá. Bí ẹ bá bẹ́ ẹ lórí, á lágbára." Gbogbo àwùjọ ní "Hẹn!" Mo la ẹnu, opó olóògbé wò mí, mo pa á dé. Ohun tí mo pa ẹnu dé lé lórí lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìgbàgbọ́ náà bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń run mí nínú. Ẹ ní igi tó bá wà nítòsí ilé, tó sì ga ju òrùlé lọ, ọ̀tá ni. Ẹ ní kí a gé gbogbo orí rẹ̀ kúrò, kó ku ìtì àti apá mẹ́ta mẹ́rin tó dúró gbáńgbá bí òpó ilé tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ tí owó rẹ̀ tán. Ẹ ní lẹ́yìn náà á hu ewé tuntun, á padà di ọ̀dọ́, ẹ̀fúùfù ò sì ní rí i gbé ṣe mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọgbọ́n kún un á pòwe: igi gogoro má gùún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀yin ará mi, òwe yẹn ní kí a wò ó. Kò ní kí a bẹ́ ẹ lórí. Wíwò gan-an sì ni ẹ kì í wò ó. Bó bá jẹ́ òwe la ń wá, èyí tí mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀ràn náà mu ju tiyín lọ.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ mi dúró lé: ọgbẹ́ igi kì í san.

Bí àdá bá gé ọ lọ́wọ́, ẹran tuntun á hù níbẹ̀, awọ á bò ó, kò ní pẹ́ di àpá. Ara ènìyàn ń tún ara rẹ̀ ṣe lójú ibi tó ti bàjẹ́. Igi ò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń sé ibi tó bàjẹ́ mọ́, bí ẹni tí iná jó yàrá kan nínú ilé rẹ̀, tó mọ bíríkì dí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, tó sì kọ́ yàrá mìíràn síwájú. Yàrá tó jóná ṣì wà nínú ilé. Ẹ ò kàn rí i mọ́ ni.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Alex Shigo, tó kú ní 2006, ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ ipa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mójú tó igbó ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́. Kàkà kó máa gé igi ní ìbú bí ẹni gé iṣu, ó fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì là wọ́n ní òòró, láti òkè dé ìdí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi, ó ń wo bí ìjẹrà ṣe ń rìn láti ojú ọgbẹ́ wọ inú lọ. Ohun tó rí, tó sì kọ jáde ní 1977, ni pé igi ń mọ odi mẹ́rin yí ọgbẹ́ ká. Ọ̀kan ń dí òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan ń dí apá inú, ọ̀kan ń dí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀kẹrin, tó le jù, ló ya igi tó ti wà kí a tó gé e sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó hù lẹ́yìn náà. Èyí tó rọ̀ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni odi òkè àti ìsàlẹ̀. Mo tún un wí: odi tó yẹ kó dá ìjẹrà dúró kó má sọ̀ kalẹ̀ sínú ìtì ló rọ̀ jù. Ẹ̀yin wá gé orí igi sọ nù pẹrẹsẹ, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ sókè fún òjò, ẹ wá ń retí pé kí òjò má wọlé.

Bí ẹ bá wo ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára ìtì, ẹ máa rí ohun kan tó wú yí ìdí rẹ̀ ká bí ọrùn ẹ̀wù. Ibẹ̀ ni igi tọ́jú odi rẹ̀ sí. Ọjọ́ tí ẹ̀ka bá kú fúnra rẹ̀ nínú igbó tó sì já, ibẹ̀ náà ni igi ti ń pa ojú dé. Ẹni tó bá gé ẹ̀ka síwájú ọrùn yìí gẹ́lẹ́, tí kò gé wọ inú rẹ̀, tí kò sì fi kùkùté sílẹ̀, igi á mọ ohun tó máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ní agbedeméjì ìtì, ọrùn wo ló wà níbẹ̀? Odi wo ni igi ti pèsè sílẹ̀ síbẹ̀? Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ohun tó kọ́ igi pé ẹnì kan á gun òun lọ́jọ́ kan, á sì gé òun jáńlẹ̀ ní ìdajì.

Mo mọ máńgòrò kan ní Savalou, lápá Agbado, lẹ́yìn ilé opó kan. Ọdún keje lẹ́yìn tí àwọn ọmọkùnrin kan bẹ́ ẹ lórí ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀ka kan tó nípọn tó itan àgbàlagbà ti ya lójú ọ̀sán gangan, láì sí ìjì, láì sí òjò, ó já lu ilé ìdáná. Iṣu wà lórí iná, ènìyàn ò sí nídìí rẹ̀. Ìyá náà sọ fún mi pé, "Ìgbà tí a bẹ́ ẹ yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán." Mo gun un. Lójú ibi tí wọ́n ti bẹ́ ẹ, ihò kan wà tí mo ki apá bọ̀ dé ìgúnpá. Omi dúdú wà nínú rẹ̀, ikán sì ti kọ́ ilé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀ka tuntun mọ́kànlá ló kù tó yí ẹnu ihò náà ká, gbogbo wọn ga, gbogbo wọn tutù yọ̀yọ̀, wọ́n jókòó sí etí ihò bí ọmọdé tó jókòó sí etí kànga. Láti ìsàlẹ̀, ẹ ò lè rí ihò náà. Ẹ̀ka tútù lẹ máa rí, ẹ máa ní: ẹ wò ó, ó ti di ọ̀dọ́.

Kí ló dé tí ẹ̀ka tútù fi ya láì sí ìjì? Ẹ̀ka tó bá igi dàgbà, inú ìtì ni ìdí rẹ̀ wà. Ọdọọdún ni ìtì ń wé mọ́ ọn, tí òun náà ń wé mọ́ ìtì, bí ẹni hun agbọ̀n. Ọ̀mùnú tó yọ lẹ́yìn bíbẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ èèpo ló ti jáde, ara igi tó wà lóde ló lẹ̀ mọ́, igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń jẹrà lọ. Bó ṣe ń ga tó ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó dì mú ń dín kù. Ẹ ò ní láti kàwé kí ẹ tó mọ ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń já sí.

Àti ọ̀rọ̀ pé ó "ń yára hu ewé" tí ẹ fi ń ṣẹ̀rí! Ewé ni ẹnu tí igi fi ń jẹun. Ẹ ti gé gbogbo ẹnu rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ebi ń pa á, oúnjẹ tó ti fi pamọ́ sínú gbòǹgbò àti ìtì fún ọjọ́ ọ̀dá ló ń ná, kó lè tètè rí ewé mìíràn. Ìdí tó fi ń sáré nìyẹn. Ẹ rí i pé ó ń sáré, ẹ ní ó ti lágbára. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó náà ń sáré.

Lóòótọ́, ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀fúùfù ò rí nǹkan dì mú lára rẹ̀. Mo gbà. Òpó náà ò ní ewé. Kò ní òjìji pẹ̀lú. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti ga padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó wá ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tí kò dúró dáadáa dípò díẹ̀ tó dúró, orí ìtì tó ti ń dihò. Ohun tí ẹ fowó rà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀fúùfù ló ń bà yín lẹ́rù, ẹ dá mi lóhùn: ta ló ń bẹ́ ìrókò lórí? Èyí tí wọ́n wé aṣọ funfun mọ́ nídìí, ta ló gbé àdá lọ síbẹ̀? Àràbà ńkọ́? Wọ́n ga ju máńgòrò yín lọ fíìfíì. Ìjì ti ń jà wọ́n kí àwọn baba ńlá wa tó kọ́ ilé sábẹ́ wọn. Mo mọ ohun tí ẹ máa wí: ẹ ní ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ ló ń dì í mú. Èmi ò bá ẹ̀mí jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí náà bá wà, iṣẹ́ kan tó dá mi lójú pé ó ń ṣe ni pé ó ń dá àdá yín dúró. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gún nǹkan kí ọkàn yín tó balẹ̀, ojúbọ Dankoli wà lójú ọ̀nà tó jáde ní Savalou wá sọ́dọ̀ wa ní Bantẹ̀, ẹ lọ kan èèkàn yín síbẹ̀, ẹ ta epo pupa sí i, ẹ jẹ́ kí igi sinmi.

Mi ò ní ìjì kì í wó igi. Ó ń wó o. Mo ti gé èyí tó wó lu ilé, mo ti gé èyí tó dínà ní ọ̀nà Bassila. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ìdí àwọn tó wó, ẹ fi orí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ gbòǹgbò igi wà nínú mítà kan àkọ́kọ́ ilẹ̀, ó sì ń tẹ́ lọ kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka mọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, bíríkìlà yín gbẹ́ ìpìlẹ̀ ọgbà, ó pàdé gbòǹgbò tó nípọn bí apá, ó fi àáké gé e, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyàwó ilé fi dáná. Ẹlòmíràn ń sun pàǹtírí sí ìdí rẹ̀ ní àràárọ̀, láti ọdún mẹ́wàá. Ẹlòmíràn da kọnkéré yí i ká dé ara èèpo. Bó bá jẹ́ ọ̀gánwó ni, gbogbo àdúgbò ti bó èèpo rẹ̀ fún àgbo ibà títí ó fi wà ní ìhòòhò dé ibi tí ọwọ́ ènìyàn mọ. Ìjì wá dé ní oṣù Ẹrẹ́nà, igi ṣubú, ẹ péjọ, ẹ ní ó ga jù. Ẹni tí ẹ gé lẹ́sẹ̀ ló ṣubú, ẹ ní orí rẹ̀ ló wúwo!

Àwọn àwíjàre yín tó kù kò yẹ fún ju gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ ní ewé ń ba àgbàlá jẹ́: ẹ ra ìgbálẹ̀. Ẹ ní bíbẹ́ lórí ń jẹ́ kó so: ṣóńṣó ẹ̀ka tó gbó ni máńgòrò ti ń so, ẹ sì ti gé gbogbo ṣóńṣó. Ẹ ní ẹ ti fi òróró ọkọ̀ tó ti dúdú kun ojú ọgbẹ́ rẹ̀: Shigo náà dán oríṣiríṣi ìkunra wò fún ọdún púpọ̀, kò sí èyí tó dá ìjẹrà dúró.

Àwọn tó ti dé òkè òkun ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á wá sílé fún ọdún iṣu ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi ẹlòmíràn, wọ́n á ní, "Ní Fúráǹsì, gbogbo igi títì ni wọ́n ń bẹ́ lórí." Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí àwòrán rẹ̀. Igi tí wọ́n ń pè ní platane ni, ó sì ń di kókó kókó lórí bí oríkèé ọwọ́ àgbà. Láti kékeré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, nígbà tí ẹ̀ka rẹ̀ kò tíì nípọn púpọ̀. Ojú kan náà ni wọ́n ń gé é sí nígbà gbogbo, ọdún kan tàbí méjì mẹ́ta kò sì ní kọjá kí wọ́n tó padà wá. Ẹ̀yin dúró títí igi fi pé ogójì ọdún, ẹ bẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ sílé. Ẹni tó ń gé irun ọmọ rẹ̀ lóṣooṣù kò jọ ẹni tó gé ọmọ lórí.

Àwọn olóko kájú náà á ní, ṣebí wọ́n kọ́ wa láti gé kájú tó ti gbó dé kùkùté, kí a sì so ọ̀mùnú irú tó dára mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Kùkùté náà ò ga ju ìbàdí lọ. Olóko ń yọ ọ̀mùnú tó pọ̀ jù kúrò, ó ń ṣọ́ ọ, kò sì sí ilé ìdáná opó kankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oko jẹ́ oko.

Ó tún ku ọ̀kan tí mi ò lè fi sílẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le, a ń bá àwọn darandaran Fúlàní fa wàhálà pé wọ́n ń gun igi ọ̀gánwó àti igi apá wa, pé wọ́n ń gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù jẹ, pé wọ́n ń ba igbó jẹ́. Bí a bá wá padà délé láti ìpàdé náà, a ó gbé 15 000 fáráǹkì fún ọmọ kan láti ṣe ohun kan náà sí igi tó wà lẹ́yìn yàrá wa. Màlúù tilẹ̀ rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Àwa ńkọ́? Láti 1985 sì ni orílẹ̀-èdè Benin yìí ti ń ṣe Ọjọ́ Igi ní ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù. A ó kó àwọn ọmọ iléèwé jọ, mérì á sọ̀rọ̀, a ó gbin igi tó ga tó orúnkún, a ó ya fọ́tò. Igi tó ti ga tó ilé alájà mẹ́ta, tó ń fún iléèwé náà gan-an ní òjìji, a ó bẹ́ ẹ lórí kí ìsinmi tó parí.

Ta ló ń jèrè? Ẹni tó bẹ́ igi gba owó lọ́wọ́ yín, ó kó igi lọ tà fún àwọn tó ń sun èédú, ó sì mọ̀ pé ẹ máa padà pe òun tí ọ̀mùnú bá ti ga. Èmi náà ń gbowó, mi ò ní purọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti lé mi kúrò lágbàlá wọn nítorí pé mo ní ẹ̀ka gbígbẹ méjì péré ló yẹ ní gígé. Wọ́n ní iṣẹ́ mi ò hàn. Òótọ́ ni. Bí iṣẹ́ igi bá dára, ẹni tó ń kọjá lọ kì í mọ̀ pé ẹnì kan ti gùn ún.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ò ṣòro. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìjì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní okùn tó mọ iṣẹ́ gun un, kó gé èyí tó ti kú àti èyí tó ń fara gbo páànù. Kó kọ́kọ́ fi ayùn dá ẹ̀ka náà lábẹ́ kó tó gé e láti òkè, kí èèpo má baà ya lọ sára ìtì. Kó gé e síwájú ọrùn rẹ̀. Kó má gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé rẹ̀ lọ lọ́dún kan. Igi tó bá wà ní kékeré, ẹ tọ́ ọ nígbà tí ọ̀bẹ ṣì lè ṣe é. Bí olú bá ń hù ní ìdí igi, bí ilẹ̀ bá ń sán lẹ́yìn rẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí ilé, tí ẹ bá gbá a tó dún bí ìlù, ìyẹn kò ní oògùn: ẹ gé e lulẹ̀ pátápátá, ní díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú okùn, kí ẹ sì gbin òmíràn. Ẹ lọ rí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba, àwọn Eaux et Forêts, kí ẹ tó gé e, nítorí òfin igbó ti wà láti 1993, igi igbá tí a ń fi ṣe irú àti igi ẹ̀mí tí a ń fi ṣe òrí kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jí gé. Bí wáyà iná bá gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ pe ilé-iṣẹ́ iná SBEE kí wọ́n pa iná ná. Mi ò rí ohun tó ṣòro níbẹ̀.

Wọ́n bẹ́ máńgòrò Bantẹ̀ náà lórí ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé ìsìnkú. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti gbé àwọn àga wá sábẹ́ páànù, ooru ń mú wọn. Ọ̀mùnú ti ń yọ yí ojú bíbẹ́ náà ká, bàbá ọjọ́ òkú náà sì nawọ́ sí i láti fi hàn mí pé òun wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà ládùúgbò yẹn, kó má so ewúrẹ́ sábẹ́ igi náà láti ọdún karùn-ún lọ, kó má sì jẹ́ kí ọmọ ṣeré níbẹ̀, bí ìjì tilẹ̀ ò jà.